Erin Símẹ́ǹtì Orí Bárándà Alájì

Bébà kan ni ẹ̀gbọ́n mi ń yẹ̀ wò láràárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Bébà náà kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ bárándà òkè ilé kan ní Agége, níbi tí ilẹ̀ náà ti pàdé ògiri, lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí símẹ́ǹtì ti sán. Bí bébà bá wà lódindi, a jẹ́ pé ìlà náà kò fẹ̀ sí i. Bí ó bá ya, a jẹ́ pé bárándà ń sọ̀ kalẹ̀.

Erin símẹ́ǹtì kan ló wà lórí bárándà yẹn, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi ló ya pílánì ilé náà, òun náà ló mọ erin. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, èmi àti òun nìkan la mọ̀ pé erin náà wúwo ju ohun tí bárándà lè gbé lọ.

Ìparí àwọn ọdún 1950 ni. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la igbó Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́. Katapílà á wó igi láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti fi èèkàn àti okùn pín ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó ayàwòrán ilé kan níbẹ̀. Irú ilé kan náà ni wọ́n ń yà lójoojúmọ́: ó gùn, ó rí pẹrẹsẹ, páànù wà lórí rẹ̀. "Páálí ṣúgà" ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdí páálí ṣúgà yẹn ló ti kọ́ ìṣirò: bí irin ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, bí kọnkéré ṣe ń wúwo tó, ohun tí ògiri lè gbé àti ohun tí kò lè gbé.

Tó bá gun kẹ̀kẹ́ padà dé Agége nírọ̀lẹ́, ó ti di ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n wá láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí Ọlọ́run ti bù kún, fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí yóò sọ irú ọmọ tí wọ́n jẹ́ fún ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á ya pílánì wọn, yóò sì tún gun àkàbà fúnra rẹ̀ lọ mọ òdòdó, ẹyẹ tàbí ẹṣin sójú ilé. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ya pílánì, nítorí pé tíṣà ti na ọwọ́ òsì rẹ̀ títí tó fi yí padà. Ọwọ́ òsì ló fi ń mọ ère. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ yìí nítorí amọ̀ rí."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ̀ròyìn ni, ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ mí lórúkọ: Akọ̀wé. Ìwé pélébé kan kì í kúrò ní àpò mi, ohun tí ènìyàn bá sọ ni mo ń kọ sí i, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní, òun ni mo sì gbára lé níhìn-ín.

Alájì tó ni ilé náà ń kó obì lọ sí Òkè Ọya nínú rélùwéè. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló kọ́ ilé sí. Ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀, ó pa erin nígbà ayé rẹ̀.

"Mo fẹ́ erin," bẹ́ẹ̀ ló wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Kí ó wà lókè, kí ó kọjú sí ojú irin. Kí ẹni tó bá wà nínú rélùwéè mọ̀ pé ọmọ aperin ló ń gbé ibẹ̀. Màmá mi á máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú irin kò gba Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò tíì rí rélùwéè rí láyé wọn."

Àfáà kan ní àdúgbò gbọ́, ó wá bi Alájì bóyá ère ìbọ ló fẹ́ gbé kalẹ̀. Alájì ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àfáà. Mi ò ní kí i ṣáájú yín."

Ẹ̀gbọ́n mi ya bárándà náà láìsí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó yọ síta lára ògiri bí ètè ìsàlẹ̀. Irin tó wà nínú rẹ̀, tó wọnú ilé lọ, ló mú un dúró. Lórí pílánì, inú erin ṣófo: wáyà tí a hun, àti símẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a rẹ́ sí i lára. Bó ṣe kọ́kọ́ mọ ọ́ náà nìyẹn. Ó lo oṣù kan lórí rẹ̀. Tó bá mọ etí tán, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ dúró sórí irin rélùwéè, á wò ó láti ibẹ̀, á tún padà gòkè.

Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, Alájì gòkè wá wò ó. Ó yí erin náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nínú. Ó dún *gbọ̀n-gàn*.

"Háà!" ni Alájì wí. "Ayàwòrán, agolo bisikíìtì lo gbé sórí ilé mi?"

Àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín.

"Alájì, bóyá ebi ló ń pa á," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Èyí tí bàbá bàbá mi pa kò dún báyìí o. Tó bá dún báyìí ni, ẹran rẹ̀ kì bá tí kárí ilé." Alájì tún gbá a. *Gbọ̀n-gàn.* Àwọn lébìrà di ara wọn mú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ṣì ń nu ún nígbà tí ọwọ́ ti mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dá ihò sí ẹ̀yìn erin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kọnkéré sí i nínú, tòkúta-tòkúta. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rọ ọ́ kún. Olórí àwọn tó ń kọ́lé níbẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Bíríkìlà. Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìyí: "Mo bi í pé, Ọ̀gá, ṣé èyí wà nínú pílánì? Ó ní kí n máa po símẹ́ǹtì. Èmi náà ń pò ó. Ẹni tó ya ilé ló mọ ohun tó yà."

Alájì padà wá, ó gbá erin. Kò dún. "Èyí gan-an ni erin," ni ó wí, ó sì bọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

Òjò ló tú àṣírí. Àwọn igi ṣì wà lábẹ́ bárándà, tí wọ́n gbé e dúró títí kọnkéré yóò fi gbó. Òjò rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ rọ̀, igi méjì wọlẹ̀ díẹ̀. Kò ju ìbú ìka kan lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gòkè láàárọ̀, ó rí ìlà náà ní ẹsẹ̀ ògiri, ó gùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Lọ́jọ́ yẹn kò lọ sí Ìkẹjà. Ó jókòó ti tábìlì, ó ṣe ìṣirò sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹta, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó wò wọ́n.

"Ọ̀tún ló ṣe ìṣirò," ni ó wí fún mi. "Òsì ló rọ erin kún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ fún Alájì."

"Kí n ní kí ni? Pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn lébìrà, èmi náà sì ba ilé rẹ̀ jẹ́?"

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Akọ̀ròyìn," ni ó wí, "ìwọ lo rò pé ohun gbogbo ni à ń sọ."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà kan níhìn-ín. Láàárín àwọn bíríkìlà Agége ìgbà náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ igi kúrò lábẹ́ ohunkóhun tó yọ síta lára ilé, ẹni tó ya ilé gbọ́dọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀. Wọn á máa yọ igi lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrò títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi jáde. "Ilé tí ẹni tó yà á kò lè dúró sábẹ́ rẹ̀," ni Bàbá Bíríkìlà máa ń wí, "ta la fẹ́ kó sùn nínú ẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró bẹ́ẹ̀ rí nílé púpọ̀, a máa ń jẹ gúgúrú lábẹ́ ibẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí a yọ ti Alájì nígbà tí ìlà náà yọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bébà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí a máa wò ó ná. Ó ní ìṣirò òyìnbó a máa fi àyè sílẹ̀, pé bóyá bárándà náà lè gbé e. Láràárọ̀ tí ó bá tètè lọ sí Ìkẹjà, èmi ni ó ń rán lọ wò ó. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, rélùwéè sì kọjá. Ilẹ̀ gbọ̀n, mo mọ̀ ọ́n lára ní eékún mi méjèèjì, mo wo erin lókè orí mi. Bàbá Bíríkìlà gbójú sókè láti ìsàlẹ̀.

"Akọ̀wé, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Pẹ́ńsùlù mi ló bọ́, bàbá."

"Lójoojúmọ́?"

Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò ní eékún mi. Bàbá Bíríkìlà kò tún bi mí mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mo ṣàkíyèsí pé wọn kò jẹ́ kí lébìrà kankan sinmi sábẹ́ bárándà náà.

Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ ìpinnu rẹ̀ fún mi nínú pálọ̀: òun kò ní sọ nǹkankan, òun yóò dúró sábẹ́ rẹ̀ bí àṣà. "Tó bá máa wó, orí èmi ni yóò wó lé. Ọ̀rọ̀ parí."

A kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú abọ́ ata lọ́wọ́.

"Ó dára bẹ́ẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ," ni ó wí. "Tí kò bá wó lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì tí ìyá Alájì bá gbé àga síta ńkọ́? Ṣé abẹ́ bárándà lẹ ó máa gbé títí ayé, kí n máa gbé oúnjẹ yín wá síbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò yé obìnrin náà.

"Akọ̀wé," ni ó wí fún mi, "ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé yín pé kò yé mi." Ó bá gbé abọ́ ata rẹ̀ lọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a yọ igi. Ọjọ́ Sátidé ni, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ gòkè lọ́sàn-án. Bébà ti ya. Kò tíì ya tán, ìdajì rẹ̀ ṣì so mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi fi èékánná kàn án, ó ń wò ó bí ẹni ń wo egbò ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ni a gbọ́ ariwo nísàlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ kú ewu ọ̀nà o!" Lọ́rì Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbé ìyá Alájì dé, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ń retí wọn.

Wọn kò mu omi kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ rí erin. A gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sinmi, Alájì ń sọ fún wọn pé rélùwéè ọ̀sán kò ní pẹ́ kọjá. Lébìrà kan gbé àga tẹ̀lé wọn. Arúgbó tó kéré lára ni wọ́n, ìborùn funfun wà lórí wọn. Wọ́n rí erin náà láti inú ilé, wọ́n sì kígbe. "Ó mà rí bí èyí tí wọ́n ń ròyìn!" Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan láti jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tẹ ibẹ̀."

"Kí ló dé, Ayàwòrán?" ni Alájì bi í. "Àbí símẹ́ǹtì kò tíì gbẹ?"

Mo dúró dè é kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Èmi ì bá ti sọ ọ́. Alájì fúnra rẹ̀ ló gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ó ti gbẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Erin ni mo rọ kún, Alájì. Ẹ ní ó ń dún bí agolo, mo bá rọ kọnkéré kún un. Irin tó wà nínú bárándà kò tó gbé e. Ilẹ̀ ti sán. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti mọ̀."

Rélùwéè ọ̀sán yan ìgbà yẹn láti kọjá. Kò sẹ́ni tó wò ó. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀ bárándà.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ni Alájì wí nígbà tí ariwo lọ tán. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Ò ń wá kí mi láràárọ̀. O jẹ obì mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá mi." Alájì yíjú sẹ́yìn. Ó gba àga lọ́wọ́ lébìrà, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ jà á gbà.

Ìyá náà kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló ní ó ń dún bí agolo?" ni wọ́n bèèrè.

Alájì bojú wo erin.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Lójú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́?"

Alájì ń wo àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ rọ ọ́ kún nígbà náà," ni wọ́n wí. "Ẹ lọ kó o jáde." Wọ́n gba àga lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n gbé e sídìí fèrèsé nínú ilé, wọ́n jókòó, wọ́n wá béèrè omi.

Igi tuntun ni a kọ́kọ́ fi ti bárándà náà lábẹ́, lórí pákó tó nípọn kí ó má baà tún wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi mú òòlù, ó tún la ẹ̀yìn erin, apá tó kọjú sí ilé, kí ẹni tó wà nínú rélùwéè má baà rí i. Ó gbà tó ọjọ́ mẹ́fà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Bàbá Bíríkìlà ń gba òkúta tó bá ti jáde, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Lọ́jọ́ kẹrin, òòlù gbọ̀n etí ọ̀tún erin bọ́ lulẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé etí náà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e sí kọ̀rọ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Alájì ń gòkè wá lójoojúmọ́, ó ń dúró wò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé obì méjì sórí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Nígbà tí inú erin ti ṣófo, wọ́n la ojú ibi tó sán, wọ́n fi irin mìíràn há a, wọ́n dí i, a sì tún dúró kí ó gbó.

Ọjọ́ yíyọ igi wá dé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá, Alájì wá, ìyá rẹ̀ ń wò láti ojú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé sábẹ́ bárándà, ó de fìlà rẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé fìlà lè gbà á. Bàbá Bíríkìlà gbé òòlù. Igi kìíní jáde. Èkejì jáde. Ìwé pélébé wà lọ́wọ́ mi, n kò kọ ohun kan sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ti yẹ ojú ìwé náà wò, òfo ni. Nígbà tó ku ọ̀kan, Bàbá Bíríkìlà wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi fi orí dáhùn pé ó yá. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan, kò yẹ̀. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣubú.

Eruku díẹ̀ bọ́ sórí fìlà ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ohun mìíràn tó bọ́.

A dúró. Ó dúró.

"Ọ̀gá," ni Bàbá Bíríkìlà wí, "ó ti tó, ẹ máa bọ̀."

Kò mira.

"Àbí kí n lọ gbé oúnjẹ wá?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ìgbà yẹn ni ó tó jáde, ìgbà yẹn náà ni ẹ̀rín tó pa ẹnikẹ́ni.

Alájì gòkè lọ, ó gbá erin nínú. A gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀: *gbọ̀n-gàn*. Ó yọjú wo àwọn lébìrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Kó máa dún bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Ẹ̀gbọ́n mi lẹ bébà tuntun mọ́ ibẹ̀. Ó ya ilé púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì mọ ère sí wọn lára, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó ń gba ọ̀nà ilé Alájì padà láti Ìkẹjà. Kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ìyá Alájì á ti jókòó sí bárándà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ erin elétí kan, wọ́n á rí i bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á bojú wẹ̀yìn lórí àga wo ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n á sì ké sísàlẹ̀ pé: "Ayàwòrán! Bébà rẹ kò tíì ya o!"

Òun á ju ọwọ́ sókè, á wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, èmi náà wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. A dé ibẹ̀, àga ṣófo. Kò sẹ́ni tó ké. Ẹ̀gbọ́n mi fò sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ gbé mi ṣubú, ó ti sáré gba àtẹ̀gùn lọ kí n tó dìde. Nígbà tí mo bá a lókè, ó wà lórí eékún rẹ̀ méjèèjì ní ẹsẹ̀ ògiri, ó fi ìka lé bébà. Ó wà lódindi. Nínú yàrá, ìyá Alájì ń kírun ìrọ̀lẹ́ lórí ẹní. Wọ́n sálámà láti parí ìrun, wọ́n yíjú, wọ́n rí i níbẹ̀ tó ń mí gúlegúle.

"Ṣé mi ò lè kírun mọ́ ni?" ni wọ́n wí.